Ilẹ̀kùn Tó Há Nígbà Ọyẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Agbowó, àdúgbò tó wà níwájú yunifásítì ní Ìbàdàn, ẹ má wulẹ̀ bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé ni wọn yóò kà fún yín. Ẹ lọ bá Theophilus Ọlálẹ́yẹ, káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Bàbá Ilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n rèé tó ti kúrò ní Ìkàrẹ́ wá sí Ìbàdàn, iṣẹ́ ilẹ̀kùn náà ló sì ń ṣe. Ó mọ ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn fẹsẹ̀ já, ó mọ èyí tí ọmọbìnrin kan fìbínú gbá títí hínjì fi yọ, ó sì mọ yàrá tí ọmọ mẹ́fà ń sùn sí nígbà tí onílé rò pé méjì péré ni wọ́n. Kì í sọ. Ẹni tó bá ń tún ilẹ̀kùn ènìyàn ṣe tí kò sì lè ti ẹnu ara rẹ̀, kò ní pẹ́ kógbá wọlé.

Ìlú tó ń jẹun lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni Agbowó. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílé, kẹ̀kẹ́ kò ní í jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà kọjá, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ń ké láti àárọ̀, àwọn onílé ń rẹ́rìn-ín. Bí àwọn olùkọ́ bá yanṣẹ́ lódì, gbogbo àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn onílé kì í jókòó lásán nírú àkókò bẹ́ẹ̀ o. Ìgbà tí kò sí ẹni tó ń wò wọ́n gan-an ni wọ́n ń gbé àjà lé àjà, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí àwọn ọmọ náà bá padà dé, wọ́n á pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ.

Olúkẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Theophilus bí, wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré ni, kò ní ju kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin àti òpópónà kan lọ, oko àgbàdo ló sì yí i ká. Ó máa ń pe bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, á máa ròyìn. Ó ní àwọn oníwàásù ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ sínú igbó, kí ìlú tó wá hù yí i ká; pé àwọn ará ìlú ń bú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ariwo, síbẹ̀ bí wọ́n bá lọ fún ìsinmi, ṣe ni wọ́n á máa wo ọ̀nà wọn. Theophilus rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Agbowó nìyẹn! Oko àgbàdo nìkan ló fi yàtọ̀."

"Rárá o, Bàámi. Lọ́dọọdún, kí àwọn ọmọ tó wọlé, ìjọba ìlú á rán èèyàn wá yẹ gbogbo ilé wò. Wọ́n á wo òpó, wọ́n á wo àtẹ̀gùn, títí kan ilẹ̀kùn. Ta ló ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwa?"

"Èmi ni," ni Theophilus dáhùn, ó fi ṣeré. Àwàdà náà wá di ohun tí wọ́n fi ń kí ara wọn. Bí Olúkẹ́mi bá pè, á ní, "Bàámi, ṣé ẹ ti yẹ ilé wò lọ́dún yìí?" Bàbá á ní òun ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Nínú gbogbo ilé tó wà ní Agbowó, ọ̀kan wà tí Theophilus mọ̀ bí ẹní mowó. Olóyè Bọ́láwárìn ló ni ín, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì, tó ń gbé ní Bódìjà, tí òun àti Theophilus jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan náà. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ náà nígbà kan. Theophilus fojú ara rẹ̀ rí àwọn obìnrin tó ń gbin kókò síbẹ̀ tí omi ń mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sí i, wọ́n da pàǹtírí sí i, wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ pupa bò ó, wọ́n kọ́ ilé alájà méjì lé e. Nígbà tó yá ó di mẹ́ta. Lọ́dún 2019 ó di mẹ́rin, wọ́n sì gbé táńkì omi ńlá méjì lé orí rẹ̀. Ọkọ̀ Nóà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́, nítorí kò sí ẹ̀yà ènìyàn tí ẹ ò ní í bá níbẹ̀. Ogójì yàrá, ogójì ilẹ̀kùn, Theophilus ló kan gbogbo wọn.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ ti fi àṣà kan lé e lọ́wọ́. Ìgbàkígbà tó bá fá ilẹ̀kùn kan tó ń há, á fi pẹ́ńsùlù kọ oṣù àti ọdún sí etí rẹ̀ lókè, níbi tí ojú onílé kò tó. Ọ̀gá náà ní ilẹ̀kùn tí kò ní ìtàn, ilẹ̀kùn olè ni. Theophilus ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í kà á. Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ wà, àṣìṣe tí káfíńtà nìkan ló lè ṣe irú rẹ̀: bí ilẹ̀kùn bá há, igi ló ń bá wí.

Igi sì ní ìwà tirẹ̀ lóòótọ́. Lásìkò òjò, á mumi, á wú, ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Lásìkò ọyẹ́, á gbẹ, á sún kì, àlàfo á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù débi tí aláǹgbá á fi ráyè gbà kọjá. Ọmọ iṣẹ́ oṣù mẹ́ta mọ èyí.

Inú oṣù kìíní ni Shakirah pè é. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni Shakirah, ó ń kọ́ nípa oògùn, ó ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn, yàrá keje nísàlẹ̀ ló sì ń gbé. Ọmọ tó mọ èèyàn kí ni. Theophilus bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán o, Bàbá Ilẹ̀kùn. Ó tún ti gbé ìṣe rẹ̀ dé."

"Ṣé omi ta sí i ni?"

"Omi wo, Bàbá? Ẹ ò rí ètè mi bó ṣe là?"

Theophilus wo ètè rẹ̀ tí ọyẹ́ ti là, ó wo ilẹ̀kùn. Ó fọwọ́ pa igi náà. Ó gbẹ bí egungun. Ó tú síkúrù, ó sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ ó sì jókòó ka ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Oṣù kẹjọ 2009. Oṣù keje 2013. Oṣù kẹsàn-án 2016. Láti 2019, ọdọọdún ni. Lọ́dún tó kọjá nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ilẹ̀kùn tó kàn ní gígún régé ti wọ́, apá kan ti fi ìka mẹ́ta kúrú ju èkejì lọ. Ó fa okùn láti igun férémù kan dé igun kejì, ó tún fà á ní ìdàkejì. Ó yẹ kí méjèèjì dọ́gba, wọn ò dọ́gba. Ó wá yé e nígbà náà pé gbogbo ọdún wọ̀nyí, ilẹ̀kùn ni òun ń gé kó lè bá ilé tó ń rì mu.

Ẹ̀rù bà á. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ àtẹ̀gùn tí kò sí níbẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ rí?" ni Shakirah bi í. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ n fi nǹkan hàn yín." Ó gbé bírò kan sílẹ̀ láàárín yàrá. Bírò náà dúró díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ, kò dúró títí tó fi kan ìdí ògiri ẹ̀yìn, níbi tí àkùrọ̀ ti jìn jù láyé àtijọ́. "Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti kó wọlé. A máa ń fi ṣeré."

Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Yàrá méjìlá ni Theophilus fa okùn sí lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ló dẹ̀gbẹ́ sí apá kan náà.

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bódìjà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Olóyè Bọ́láwárìn wà ní fàráńdà, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Theo! Wọlé. Ṣé wọ́n tún ti fọ́ ilẹ̀kùn ni?"

"Ilẹ̀kùn ò fọ́, sà. Ilé ló ń rì."

Olóyè ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó gbọ́ ọ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wá ní, "Káfíńtà ni ọ́, Theo. Ẹnjiníà ló ń sọ̀rọ̀ ilé."

"Òótọ́ ni, sà. Èmi ò mọ ilé. Ilẹ̀kùn ni mo mọ̀, àwọn ilẹ̀kùn yẹn ló sì ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn kó jáde."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdánwò wọn kù. Jẹ́ kí wọ́n parí, kí wọ́n lọ sílé, màá wá pe ẹnjiníà. Tó o bá sọ èyí síta báyìí, ta ló máa gba yàrá níbẹ̀ mọ́ láyé?"

"Olóyè, a kì í fi iná sórí òrùlé ká sùn."

"Mo ti gbọ́. Àdúrà la ó máa gbà." Olóyè sìn ín dé ẹnu géètì, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Theo, má gbàgbé ibi tá a ti ń bọ̀ o."

Ìyẹn wọ Theophilus lára. Olóyè ló kọ lẹ́tà tó gbé Olúkẹ́mi dé Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ Olóyè ló gbé ìyá Olúkẹ́mi lọ sí ọsibítù kó tó kú. Kì í ṣe ènìyànkénìyàn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ohun tó ń pa ọmọ ènìyàn, ọwọ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ ló ti ń wá.

Theophilus lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn. Wọ́n yí i ká nínú àgbàlá, ó sì ṣàlàyé. Àwọn kan ní, "God forbid, Baba!" Àwọn kan ya fọ́tò rẹ̀. Bólúwadúró, ọmọ ọdún kẹrin tó máa ń gbẹnu sọ fún wọn, fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn.

"Bàbá, a gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ibi tá a máa kó lọ fún wa. Everywhere don full. Ìdánwò ń lọ lọ́wọ́. Tá a bá jáde lónìí, ibo la máa kàwé sí?"

Wọ́n tú ká, wọ́n padà sídìí ìwé wọn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Olúkẹ́mi pè. "Bàámi, ṣé ẹ ti yẹ ilé wò lọ́dún yìí?" Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló lè lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní yàrá rẹ̀ ní Agbowó. Ògiri tó sán kò lè lé e, òjò tó ń jò kò lè lé e, àìsí omi àti àìsí iná kò sì tíì lé ẹnikẹ́ni rí. Ohun kan ṣoṣo ló wà. Kò sí ọmọ tó máa fi láàpútọ́ọ̀pù àti ẹrù rẹ̀ sùn ní yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́, olè á ti kó o tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Theophilus mú irin rẹ̀, ó gba ọkọ̀ akẹ́rù kan, ó wọ Ọkọ̀ Nóà. Ó ní Olóyè ní kí òun kó gbogbo ilẹ̀kùn lọ fún àtúnṣe. Irọ́ ni. Alàgbà ìjọ tí kò purọ́ fún oníbàárà rí, ó pa á lójúkojú, ojú rẹ̀ ò sì yẹ̀. Láti àjà kẹrin ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà bú u. Ọ̀kan ní wèrè ti dé bá Bàbá Ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń tú síkúrù lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti ń gbé báàgì lórí jáde, wọ́n ń lọ fara pamọ́ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ nínú ọgbà yunifásítì, wọ́n ń ṣépè bí wọ́n ti ń lọ. Èpè náà dùn létí rẹ̀.

Ilẹ̀kùn mọ́kàndínlógójì ló ti kó nígbà tó dé yàrá keje. Shakirah kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa parí pátápátá. Mi ò ní ọ̀rẹ́ tó máa gbà mí, gbogbo ìwé mi wà níbí. Ọjọ́ méjì péré."

"Ọmọ mi, ilé yìí ò dára. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń bá ẹ sọ."

"Mo gbà yín gbọ́, Bàbá. Ìsàlẹ̀ ni mo wà. Tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, màá sáré jáde. Tí mo bá ti ti ìdánwò dé lọ́jọ́bọ̀, èmi fúnra mi ni mo máa bá yín tú u."

Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló gbà á gbọ́. Òun nìkan ni kò bú u. Theophilus wo ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, ó rántí Olúkẹ́mi, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Ó fá ilẹ̀kùn náà díẹ̀ sí i kó lè máa ṣí dáadáa, ó kọ oṣù àti ọdún sí etí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́rú, Olóyè mú ọlọ́pàá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó bá ilẹ̀kùn mọ́kàndínlógójì tí wọ́n tò lé ara wọn dé àjà. Ó kọ́kọ́ wò wọ́n, ó wá ní, "Theo, èmi lo ṣe báyìí?" Theophilus dọ̀bálẹ̀ fún un, ó bẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́. Wọ́n mú un lọ sí tésàn, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá ọlọ́pàá wá pàṣẹ pé kó dá gbogbo ilẹ̀kùn padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọlọ́pàá kan sì bá a lọ.

Bó ṣe di pé ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, òun àti ọlọ́pàá náà ń kó ilẹ̀kùn sínú ọkọ̀ nìyẹn. Ilẹ̀kùn kẹrin wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí ilẹ̀ mì. Ìró náà kò pẹ́ rárá, bí ìgbà tí wọ́n da òkúta sílẹ̀ láti inú típà. Ọyẹ́ ọjọ́ náà nípọn débi pé fún ìgbà díẹ̀ kò sí ẹni tó mọ èyí tó jẹ́ ọyẹ́ àti èyí tó jẹ́ eruku. Theophilus mọ̀. Ó ju ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó sáré.

Àjà mẹ́rin ti di òkìtì kan. Àwọn èèyàn ń ké pé ọgọ́rin ọmọ ló wà nínú rẹ̀. Theophilus ń ké pé ọ̀kan ni, ọ̀kan péré ni, ó sì ń fọwọ́ lásán tú búlọ́ọ̀kù.

Lẹ́yìn àádọ́ta ìṣẹ́jú ni wọ́n kàn án. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Ilẹ̀kùn náà ò fọ́. Ó há sínú férémù bí ẹní fi eyín di nǹkan mú. Ọwọ́ ọmọ náà ṣì di irin ilẹ̀kùn mú, báàgì ìdánwò rẹ̀ sì wà léjìká. Ó ti kú.

Islamiat, tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní òdìkejì ọ̀nà, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ó ń sunkún. "Mo gbọ́ ọ," ló ń sọ. "Mo gbọ́ ọ tó ń gbálẹ̀kùn, tó ní kẹ́nìkan wá bá òun tì í. Mo ní kó ní sùúrù, kí n parí ìwé ọwọ́ mi. Ilẹ̀kùn ilé yẹn kúkú máa ń há."

Kò sí ilẹ̀kùn ní yàrá yòókù. Ẹni tó bá wà nínú wọn ì bá rìn jáde.

Ọ̀rọ̀ di ti gbogbo ìlú. Àwọn òbí ọmọ tó lé ní àádọ́rin wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún káfíńtà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bólúwadúró dì mọ́ ọn, ó sunkún bí ọmọdé. Theophilus ń wò wọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ èdè wọn. Ó lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó dojú bolẹ̀ níwájú bàbá Shakirah, ó ní, "Èmi ni mo fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún un." Bàbá náà gbé e dìde, ó ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Kò mú ohunkóhun fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ Olóyè ṣì wà ní kóòtù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kó òkìtì kúrò, típà sì ti ń da yẹ̀pẹ̀ pupa sórí ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń kọjá ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Olúkẹ́mi ṣì ń pè lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sì bèèrè mọ́ bóyá bàbá rẹ̀ ti yẹ ilé wò.

Ọyẹ́ tún ti dé lọ́dún yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fóònù Theophilus dún. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ ni, láti ilé kan lẹ́yìn ọjà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé Bàbá Ilẹ̀kùn nìyí? Ilẹ̀kùn yàrá wa ń há."

Theophilus dìde dúró. "Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Bí ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kò sí wàhálà o, sà. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ráyè."

"Ṣé ó ṣí báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbé búlọ́ọ̀kù dí i kó má lè padà. Pe gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, kẹ́ ẹ bọ́ síta. Má tì í o, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."